Eṣinṣin Ló Ń Lé, Kò Pè Mí

                                        Àyè Kejìdínlógún,
                                        Ibùdó Ìpàgọ́ Wattle Bend,
                                        Etí Odò Murray,
                                        Gúúsù Ọsirélíà.
                                        Ọjọ́ Kejìlélógún, Oṣù Kẹrin, 2025.

Verna, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Báwo ni orúnkún? Mo mọ̀ pé ó yẹ kí n kọ́kọ́ béèrè àlàáfíà rẹ lódindi kí n tó dé orí orúnkún, ṣùgbọ́n òun ni kò jẹ́ kí o wá sí odò lọ́dún yìí, òun náà ni mo sì ń bínú sí. Ṣé àwọn dókítà ti gbà kí o máa gun àtẹ̀gùn? Janelle ọmọ rẹ ńkọ́? Ṣé ó ṣì ń fi ọbẹ̀ tí kò níyọ̀ jẹ ọ́ níyà? Ajá ńkọ́? Èmi wà láàyè, ara mi le, orí mi sì pé. Mo tètè sọ ìyẹn nítorí pé Rohan ọmọ mi lè ti pè ọ́ láti sọ òmíràn fún ọ.

O mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe rí láti ìgbà tí Clem ọkọ mi ti kú. Láti oṣù kẹjọ tí a ti sin ín ni Rohan ti ń wo ilé orí táyà wa tí ọkọ̀ ń fà bí ẹni ń wo eyín tó ń mì. Iṣẹ́ adójútòfò ló ń ṣe ní Adelaide, o ṣáà mọ̀, nítorí náà kò sí ohun tó wà láyé yìí tí kò rí i pé yóò jóná, yóò ṣubú, tàbí yóò rì sómi. Ó ní obìnrin ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin kò gbọdọ̀ máa dá fa ilé kiri ojú títì. Ọmọ tí mo fi ọwọ́ ara mi wẹ̀, tó máa ń sunkún bí ọṣẹ bá kàn án lójú, òun ló wá ń kọ́ mi ní ewu. Ó tilẹ̀ ti rí ẹni tó fẹ́ rà á.

Mo bá a jà, ó bá mi jà, a wá ṣe àdéhùn. Bí mo bá lè dá wa ọkọ̀ dé odò, tí mo sì dá fi rìfáàsì gbé ilé náà wọ àyè rẹ̀ kí ó tó di ọ̀sán Sátidé, láìsí ẹni tó bá mi fọwọ́ kan ìdarí ọkọ̀, láìsí ẹni tó júwe fún mi, kò ní dárúkọ títà mọ́ títí n ó fi kú. Bí mi ò bá lè ṣe é, òun àti ẹni tó fẹ́ rà á ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé náà, wọn ó sì fà á lọ lójú mi. Mo gbà. Kí ni n bá ṣe? Inú ilé yẹn ni Clem ti sùn sí apá ọ̀tún ibùsùn fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Mi ò mọ ibòmíràn tí mo ti lè lọ bá a.

Ìwọ náà mọ ibi tí wàhálà wà. Ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, Clem ló ń wa ọkọ̀, èmi ni mò ń dúró lẹ́yìn tí mò ń juwọ́. Ká sọ pé wọ́n ń fún ènìyàn ní oyè nídìí ọwọ́ jíjù ni, n bá ti di ọ̀jọ̀gbọ́n. Ṣùgbọ́n kí n jókòó sídìí ọkọ̀ fúnra mi kí n fi ẹ̀yìn rìn? O yí i sọ́tùn-ún, ilé lọ sósì. O yí i sósì, ilé lọ sọ́tùn-ún, bí ọmọ tí wọ́n ní kó lọ wẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni mo fi kọ́ ọ ní pápá bọ́ọ̀lù tó wà lẹ́yìn ilé wa. Mo to àwọn korobá Clem sílẹ̀ dípò igi méjì tó wà lójú àyè wa níbí. Korobá mẹ́sàn-án ló ṣègbé kí n tó mọ̀ ọ́n ṣe, ìyẹn bí a bá lè pe èyí tí mo mọ̀ ní mímọ̀.

Ọjọ́bọ̀ tó ṣáájú Ọjọ́ Ẹtì Rere ni mo dé ibí. Mo wa ọkọ̀ fún wákàtí méjì láìpa ẹnikẹ́ni, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn tó wà lẹ́yìn mi ì bá fẹ́ pa mí.

O kò mọ Lyall Trask. Oṣù kìíní ọdún yìí ló dé, láti ìgbà náà ni kò sì ti lọ. Igbákejì ọ̀gá ilé ìwé ni kó tó fẹ̀yìn tì, ó sì dà bí ẹni pé wọn kò tíì sọ fún un pé àwọn ọmọ ti lọ sílé. Tegan, ọmọbìnrin tó wà ní ọ́fíìsì, ló ni ìṣàkóso ibùdó. Lyall kò ní nǹkan kan níbẹ̀ ju àyè kẹtàdínlógún lọ. Síbẹ̀ ó ti kọ òfin ìwà ọmọlúàbí ibùdó mọ́kàndínlógún sínú ìwé, ó fi ọ̀rá bò ó kí òjò má bàa bà á jẹ́, ó sì kàn án mọ́ ilẹ̀kùn ilé ìgbọ̀nsẹ̀, kí ẹni tí ìgbẹ́ ń gbọ̀n lè kọ́kọ́ kàwé kó tó wọlé.

Òfin kìíní ní kí ẹnikẹ́ni má gba àárín àyè ẹlòmíràn kọjá. Èyí dára, a ti mọ̀ ọ́n kó tó dé. Òmíràn ní kí a má fọ abọ́ nídìí ẹ̀rọ omi, òmíràn ní kí a má tan jẹnẹrétọ̀ nígbà tí àwọn ènìyàn ń sun oorun ọ̀sán. Ẹ̀kẹsàn-án ní kí ẹni tó bá ń gbé àpótí ìgbẹ́ rẹ̀ lọ síbi tí a ń dà á sí má dúró kí ènìyàn lójú ọ̀nà. Verna, ṣé o ti rí ẹni tó dúró rí, pẹ̀lú ẹrù yẹn lọ́wọ́, tó ń béèrè bí ọmọ ṣe wà? Ṣùgbọ́n èyí tó ṣe pàtàkì jù lọ kò sí nínú ìwé Lyall, èyí tí àwa ará odò fi ń bá ara wa gbé láti ọjọ́ tó ti pẹ́: bí ẹnì kan bá ń fi rìfáàsì wọlé, a lè wò ó, a lè fi bíà wa tì í, ṣùgbọ́n a kì í dá sí i àfi bó bá bẹ̀ wá.

Bí mo ti yọ sójú ọ̀nà báyìí ni àwọn àga bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. O mọ̀ wọ́n. Ẹni tí ẹ̀yìn ń dùn láti àárọ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ sàn lójijì. Kò sí fíìmù tó dùn tó kí ènìyàn máa wo ẹlòmíràn tó ń gbé ilé rẹ̀ wọ àárín igi méjì. Mi ò bínú sí wọn, èmi náà ti wo ọ̀pọ̀lọpọ̀. Lyall nìkan ló dìde.

Ó ní, "Màdáámù, ẹ jẹ́ kí n júwe fún yín."

Mo ní, "Ẹ ṣeun, Ọ̀gá Lyall. Mo fẹ́ dá a ṣe ni."

"Ẹ̀yin nìkan kẹ̀? Ilé yín mà gùn o!"

"Ó ti pẹ́ tí mo ti mọ̀ pé ó gùn."

Ó ní kò burú, òun ò ní sọ̀rọ̀, òun á kàn dúró. Ó sì dúró lóòótọ́. Ó lọ dúró gbọnrangandan sínú dígí ọ̀tún mi, ó bo ìdajì odò mọ́lẹ̀.

Verna, mò ń ṣe é dáadáa. Ìdí ilé ti wọ àárín igi méjèèjì, táyà ti tọ́, mo ti ń kí ara mi kú iṣẹ́. Ni mo bá gbójú wo dígí, mo rí ọwọ́ Lyall tó ń lọ tó ń bọ̀ níwájú ojú rẹ̀: máa bọ̀, máa bọ̀, máa bọ̀. Ọwọ́ yẹn gan-an ni mo fi bá Clem sọ̀rọ̀ fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Ọkàn mi ní kí n má dá a lóhùn, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ mi ti dá a lóhùn. Mo rọra ń bọ̀. Ọwọ́ túbọ̀ yára, èmi náà túbọ̀ yára.

Ohun tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ni "káà!" Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ohùn Noreen, ìyàwó rẹ̀: "Kéèkì mi o!" Ẹ̀yìn ìyẹn ni Lyall wá fò dé ojú fèrèsé mi, ojú rẹ̀ pọ́n bíi tòmátò.

"Mo ní kẹ́ ẹ dúró! Ẹ ò gbọ́ ni?"

"Ẹ ò sọ nǹkan kan! Ọwọ́ yín ló ní kí n máa bọ̀!"

"Ọwọ́ wo? Eṣinṣin ni mò ń lé!"

Ni bíà bá gba imú ẹnì kan jáde, ó bùṣe. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí tí àwọn ẹyẹ fi fò kúrò lórí igi. Ta ni nínú wa tí kò juwọ́ sí eṣinṣin láti ọjọ́ tó ti lè gbé ọwọ́ sókè? Bí ènìyàn kò bá juwọ́ létí odò yìí, eṣinṣin ni yóò fi jẹun. Bí a ṣe ń lé e àti bí a ṣe ń pe ọkọ̀ sì jọra bí ìbejì. Ó yà mí lẹ́nu pé ohunkóhun ṣì dúró láìwó lórílẹ̀-èdè yìí.

Àgọ́ aṣọ tí Lyall fi ń ṣe ìbòòrùn lẹ́yìn àyè mi ni mo fẹ̀yìn wọ̀. Òpó rẹ̀ méjì kán. Tábìlì rẹ̀ ká, bẹ́ẹ̀ kì í sì í ṣe tábìlì tó ń ká. Kéèkì tí Noreen fi funfun ẹyin ṣe de ọdún Àjíǹde wà lórí rẹ̀, táyà mi ló sì jẹ nínú rẹ̀ jù. A dúpẹ́ pé kò sẹ́ni tó fara pa.

Lyall ní àfi kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Tegan bẹ̀ ẹ́, kò gbà. Ìwé tí wọ́n sì ń kọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sí ní àyè fún nọ́ńbà ẹbí ẹni tí wọn ó pè. Báyìí ni Rohan ṣe gbọ́ kí tíì mi tó tutù.

Ó ní, "Mọ́mì, ṣé ẹ ti rí i báyìí? Ẹ ti wó ilé onílé!"

Mo ní, "Àgọ́ ni. Kì í ṣe ilé."

"Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́ ná."

"Mo ní àgọ́ ni. Ọ̀sán Sátidé la sì jọ sọ, Rohan. Òní kì í ṣe Sátidé."

Ó wá ní òun ò ní yẹ àdéhùn, ṣùgbọ́n òun ò ní dá ọkùnrin tó fẹ́ rà á dúró o. Mo fa ilé náà jáde, torí pé síwájú kì í ṣòro, mo sì gbé e sórí koríko ẹ̀gbẹ́ géètì. Ilẹ̀ ibẹ̀ ṣe gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Gbogbo ìkòkò mi ló sùn sí igun kan, èmi náà sùn tì wọ́n.

Mi ò ní purọ́ fún ọ. Lọ́jọ́ Ẹtì Rere, mo jókòó sórí ibùsùn títí oòrùn fi ga, inú sì bí mi sí Clem gan-an. Ó kó gbogbo ohun tó mọ̀ lọ, kò fi ẹyọ kan sílẹ̀ fún mi. Ẹ̀rù sì bà mí. Mò ń rí i lójú ara mi bí wọ́n ṣe máa fà á jáde ní géètì, tí èmi á máa tẹ̀lé e lẹ́yìn nínú ọkọ̀ Rohan bí ẹrù tí wọn ò ráyè fún. Ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, à máa ríran. Mo fọ ojú mi, mo lọ ra kéèkì ní ṣọ́ọ̀bù, mo sì gbé e lọ bẹ Noreen.

Ó gbà á tayọ̀tayọ̀. Ó ní ti òun náà kò dùn tó bẹ́ẹ̀. A jókòó, mo sì sọ òótọ́ ọ̀rọ̀ fún un, pé kì í ṣe rìfáàsì ló ń dà mí láàmú. Mi ò kàn lè rí ọwọ́ tó ń mì kí n má gbọ́ràn sí i lẹ́nu ni, bí ogún ènìyàn bá sì jókòó síbẹ̀, ogójì ọwọ́ ló wà nínú dígí mi, eṣinṣin kò sì tán létí odò. Mo sọ ohun tí Sátidé túmọ̀ sí fún mi fún un pẹ̀lú.

Noreen ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ọdún mẹ́rìnlélógójì ni ọwọ́ yẹn ti ń darí èmi náà. Títí dòní, mi ò mọ ìgbà tó jẹ́ pé eṣinṣin ló ń lé."

A rẹ́rìn-ín tó bẹ́ẹ̀ tí Lyall fi yọjú láti rán wa létí pé òfin kẹrìnlá kò gbà kí ẹ̀rín ènìyàn kọjá àyè rẹ̀.

Ní òwúrọ̀ Sátidé, lẹ́yìn tíì, mo so ilé mọ́ ọkọ̀, mo yí ibùdó po, mo sì dúró níwájú àyè mi. Àwọn àga ti jáde. Mo rò pé apá kejì fíìmù ni wọ́n wá wò. Ni Noreen bá dìde, ó gbé àga tirẹ̀, ó yí i padà, ó kọjú sódò, ó sì jókòó. Ọkùnrin tí bíà gba imú rẹ̀ jáde náà yí tirẹ̀. Ó kan ẹni tó tẹ̀ lé e, ó kan òmíràn, títí gbogbo wọn fi kọ ẹ̀yìn sí mi. Odindi ibùdó kọ ẹ̀yìn sí mi, Verna, mi ò sì tíì rí iyì tí wọ́n bù fún mi tó bẹ́ẹ̀ rí.

Lyall kò gbà. Ó ní ọ̀rọ̀ ààbò ni, pé ó yẹ kí ẹnì kan máa ṣọ́nà. Noreen bu tíì kún ife méjì dé ẹnu, ó fi ọ̀kan sí ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, ó fi èkejì sí tòsì, ó ní, "Jókòó." Ó jókòó. Gbogbo eṣinṣin agbègbè yìí ló gbọ́ pé ọwọ́ Lyall ti há. Wọ́n ṣe ìpàdé lórí imú rẹ̀ títí mo fi parí.

Mi ò ní sọ pé mo gbé e wọlé bí ọ̀gá. Ìgbà àkọ́kọ́, igi ọ̀tún ni mo kọjú ìjà sí. Ìgbà kejì, igi òsì. Ìgbà kẹrin, ilé náà dábùú ọ̀nà pátápátá, kò sí ẹni tó lè wọlé tàbí jáde ní ibùdó, kò sì sí ẹni tó wẹ̀yìn. Ooru mú mi, mo ṣí fèrèsé. Dígí mi mọ́ kedere, kò sí ohun kan nínú rẹ̀ ju igi àti odò lọ. Ní ìgbà kọkànlá, mo tẹ bíréèkì, mo sọ̀ kalẹ̀, mo sì yí ilé náà po lẹ́ẹ̀mejì. Ó tọ́. Ó wà láàárín igi méjèèjì bí ẹni pé ibẹ̀ ni wọ́n bí i sí.

Noreen kò tilẹ̀ yí orí. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé a lè wẹ̀yìn?"

Mo ní, "Ẹ lè wẹ̀yìn."

Ariwo tí wọ́n pa, ó yà mí lẹ́nu pé o kò gbọ́ ọ lọ́hùn-ún.

Ó ku díẹ̀ kí aago mọ́kànlá lù nígbà tí Rohan dé pẹ̀lú ẹni tó fẹ́ rà á, ọkùnrin kan tó dé fìlà tuntun. Rohan wo ilé náà lọ, ó wò ó bọ̀.

"Mọ́mì, ta ló bá yín gbé e wọlé?"

"Èmi ni."

"Mọ́mì."

"Mo ní èmi ni!"

"Ó dáa. Ta ló rí yín?"

Verna, kò sẹ́ni tó rí mi. Àpọ́nlé tí wọ́n ṣe fún mi ti kó gbogbo ẹlẹ́rìí mi lọ. Rohan ń béèrè lọ́wọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, gbogbo wọn ló sì ń búra pé èmi ni, èmi nìkan ni. Ṣùgbọ́n bó bá ti ní, "Ṣé ẹ fojú yín rí i?" bàtà ni wọ́n ń wò. Gbogbo ènìyàn ló mọ̀ pé wọ́n fẹ́ràn mi, adójútòfò kì í sì í gba ìfẹ́ ní ẹ̀rí. Olùrà wa ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ nídìí irin tí a fi ń so ilé mọ́ ọkọ̀, ó ń wọ̀n ọ́n. Ni Rohan bá rántí orúkọ tó wà nínú ìwé Tegan. Ó lọ bá Lyall. Nínú gbogbo ènìyàn Ọlọ́run, Lyall!

Ó ní, "Ẹ̀yin ni wọ́n wó àgọ́ yín, àbí? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ òótọ́ fún mi. Ṣé ẹ rí i tí Mọ́mì mi dá gbé e wọlé?"

Lyall ní, "Rárá o. Mi ò rí i."

Ó ní, "Wọ́n ní kí n kọjú sódò, mo kọjú sódò. Ṣùgbọ́n mo gbọ́ ọ, torí wọ́n ṣí fèrèsé. Ìgbà mọ́kànlá ni wọ́n bẹ̀rẹ̀, ìgbà mọ́kànlá náà ni wọ́n bú ẹnì kan tó ń jẹ́ Clem. Ẹni náà ò dá wọn lóhùn lẹ́ẹ̀kan. Kò sẹ́lòmíràn tó sọ̀rọ̀. Mo kà á."

Mi ò mọ̀ pé mo lanu, Verna. Mo lè fi Bíbélì búra.

Rohan dúró síbẹ̀. Ó wá rọra lọ bá ọkùnrin náà nídìí irin, ó bá a sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, ọkùnrin náà sì gbé fìlà rẹ̀ lọ. Rohan kò bá a lọ. Ó sùn sílé mi títí di àná, ó bá Lyall ri òpó tuntun mọ́lẹ̀, wọ́n sì jọ jiyàn lórí bó ṣe yẹ kó jìn tó. Àwọn méjèèjì gbádùn ara wọn gan-an. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àjíǹde, òfin ogún ti wà lára ilẹ̀kùn ilé ìgbọ̀nsẹ̀: kí gbogbo àga kọjú sódò bí ẹnikẹ́ni bá ń fi rìfáàsì wọlé. Lyall ló kọ ọ́. Ó sọ fún mi pé òun ti ń rò ó láti ọjọ́ tó ti pẹ́.

Àná, bí Rohan ṣe ń múra àtilọ, ó ti jókòó sínú ọkọ̀ kó tó béèrè, kò sì wo ojú mi.

"Mọ́mì, kí lẹ ń sọ fún Dádì nígbà tẹ́ ẹ̀ ń wọlé yẹn?"

Mi ò rántí mọ́kànlá, ṣùgbọ́n mo rántí èyí tó kẹ́yìn, mo sì sọ ọ́ fún un. Mo ní kí Clem kúrò nínú dígí mi, mo ti ríran.

Bá mi kí Janelle, kí o sì bá mi fi iyọ̀ díẹ̀ sí ọbẹ̀ rẹ̀ bó bá kọ ẹ̀yìn. Bá mi fọwọ́ pa ajá lórí. Sọ fún orúnkún yẹn pé mo fún un di ọdún tó ń bọ̀ láti ronú ara rẹ̀.

Èmi ọ̀rẹ́ rẹ tí kò níí lọ sílé kí oṣù yìí tó parí,

                                        Glenys Rudduck.